Ọmọ Àgùntàn Tí Mo Fi Ọṣẹ Wẹ̀

Ràmátù ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Gbogbo yín gbọ́ nígbà tó ń bi mí. Ó ń wo nǹkan kan nínú fóònù rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀ tó ti ga, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ wo ọmọ màlúù yìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni, ó sì ti ń dìde. Kí ló dé tí tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀?" Ẹ̀yin tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan wà tí mi ò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ ẹran àti ọmọ ènìyàn, àìmọ̀ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹran tí gbogbo ilé gbójú lé.

Bí ó ṣe rí ni màá sọ ọ́. Ohun tí mo fojú rí, màá sọ pé mo rí i. Èyí tí wọ́n sọ fún mi, màá sọ pé wọ́n sọ fún mi. Èyí tí mi ò mọ̀, n kò ní fi irọ́ dí àyè rẹ̀.

Àdúgbò Lazaret tí ẹ mọ̀ yìí, ní ilẹ̀ àwọn Zarma níbí, kọ́ ni Lazaret tí wọ́n mú mi wá bá láti Ìlọrin nígbà tí mo wá ilé ọkọ. Ẹ̀yin mọ táìsì tó ń fun fèrè, àwọn tó ń jó irin lẹ́bàá títì, ilé tí wọ́n fi ṣìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tiwa, ilé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí tó kẹ́yìn ní òpópónà náà. Lẹ́yìn rẹ̀, iyanrìn ni, àti igi ẹlẹ́gùn-ún díẹ̀díẹ̀. Kò sí ilé tí kò ní ẹran lágbàálá. Ohun tó ń jí mi láàárọ̀ ni ọ̀pá darandaran tó máa ń lù mọ́ ilẹ̀kùn páànù, gbàn, gbàn, láti ilé dé ilé. Ẹran á máa jáde, mẹ́ta níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, títí wọn yóò fi kún òpópónà bí omi òjò. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á padà pẹ̀lú eruku pupa lára. Ẹnikẹ́ni kì í pín wọn. Oníkálukú wọn mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, á yà síbẹ̀, á máa ké pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n máa ń ṣe aburú náà. Ní ọdún Iléyá àkọ́kọ́ tí mo ṣe níbí, àgbò aládùúgbò já okùn, ó wọ yàrá mi, ó rí àgbò mìíràn nínú dígí ìgbéyàwó mi. Ó wò ó, ó fà sẹ́yìn, ó sì kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni dígí mi ṣe lọ. Ọkọ mi ní kí n má sunkún, pé ó kéré tán ẹran náà kò sá fún ọ̀tá rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn dígí yẹn.

Nítorí pé ẹran wà nítòsí, a máa ń rí bí wọ́n ṣe ń bímọ. Ẹ̀yin ò rí i rí, n kò sì bá yín wí. Níbo lẹ ó ti rí i? Nínú àgbàlá kan ṣoṣo, èèyàn lè rí oríṣiríṣi rẹ̀. Ológbò wa máa ń bímọ sẹ́yìn àpótí. Ojú àwọn ọmọ náà á dì pinpin fún bí ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀, etí wọn á lẹ̀ mọ́ orí, wọ́n á máa wọ́ kiri lórí ikùn, wọ́n á máa fi imú wá ọmú. Ehoro tí ọkọ mi sìn fúngbà díẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ: ọmọ rẹ̀ kò ní irun kankan, pupa ni bí ìka ọwọ́ tí omi gbígbóná jó. Ṣùgbọ́n abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ọkùnrin tó ń ta omi fún wa bímọ lójúde wa lọ́jọ́ kan. Kí olówó rẹ̀ tó ta omi tó kù tán fún àwọn ará òpópónà wa, ọmọ náà ti dúró, ó ń gbọ̀n lórí ẹsẹ̀ tó gùn ju ara rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ là kedere, ó ń wo gbogbo wa bí ẹni tó ti mọ̀ wá tẹ́lẹ̀.

Mo ti ronú lé e lórí láti ìgbà náà. Ó jọ pé ẹran tó bá ń bímọ sínú ihò tàbí kọ̀rọ̀, tó ń bí wọn lọ́pọ̀, lè bí wọn láìtíì pé, nítorí ibi tó fi wọ́n sí ń pa wọ́n mọ́. Èyí tó bá ń bímọ sí gbangba, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rìn lọ, ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè bá wọn rìn, tàbí kí ohun tó ń jẹ ẹran jẹ ẹ́. N kò sọ pé òfin ni. Ohun tí mo rí ní àgbàlá kan ni. Ọmọ ènìyàn ló sì ta kókó fún mi jù. Ojú rẹ̀ là, etí rẹ̀ ń gbọ́, ẹyọ kan ṣoṣo la sì sábà máa ń bí, bíi ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Síbẹ̀ ọrùn rẹ̀ kò le, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tó ń wá, tí ẹ bá sì gbé e sílẹ̀, ibi tí ẹ gbé e sí náà ni ẹ ó bá a.

Nítorí náà ni iṣẹ́ ìyá ọkọ mi ṣe wà. Ìyá la máa ń pè é, gbogbo ilé Yorùbá láti Lazaret dé ẹ̀gbẹ́ ọjà Petit Marché ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ ni ó ń wẹ̀. Tí obìnrin bá ti bímọ, wọ́n á ránṣẹ́ sí i, á sì máa lọ láràárọ̀ títí tí ìyá ọmọ náà yóò fi lè dá a ṣe. Á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí wọn, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á fi kànrìnkàn gba ọ̀rá funfun tó máa ń bá ọmọ wá kúrò nínú gbogbo oríkèé, á tẹ orí kó lè rí rogodo, á na apá, á na itan, á fi òrí pa á. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ìyàwó, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ọmọ tí wọn ò bá wẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òórùn ara kò ní kúrò lára rẹ̀ títí tó fi máa dàgbà." Mo gbà á gbọ́. Gbogbo wa la gbà á gbọ́. Bóyá òótọ́ ni, n kò lè sọ, nítorí pé n kò rí ẹnikẹ́ni tó dá ọmọ sí láìwẹ̀ kó lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà gbé dání fún mi, kó tó di pé mo dé orí ọjọ́ náà. Oyún kan ti bọ́ lára mi ní ọdún tó ṣáájú. Ìyá ló sin ín, ní kọ̀rọ̀ ògiri ilé ìwẹ̀, lẹ́bàá òkúta kan, níbi tó ń rì ibi ọmọ gbogbo ilé sí, ìyẹn èyí tí àwọn àgbà ń pè ní èkejì ọmọ. Ti ọkọ mi wà níbẹ̀, ti àwọn àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkọ mi ra abo àgùntàn kan fún mi, ó ní kí n máa rí nǹkan tọ́jú. Kò tíì bímọ rí. Nígbà tí oyún àgùntàn náà hàn, èmi náà tún ti lóyún oṣù méjì. Ọkọ mi jókòó, ó ń fi ìka ka oṣù, ó ní, "Tó bá bí akọ, á ti lé lóṣù mẹ́fà dáadáa kí tìrẹ tó dé. Àwọn ààfáà á gbà á. Òun la ó fi sọ ọmọ wa lórúkọ."

Ìyá bu ẹnu àtẹ́ lù ú. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò lè pa ẹnu mọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá wo àgùntàn yẹn, á wo ikùn mi tẹ̀lé e. Wọ́n ti so wá pọ̀. N kò sọ pé ohun tó bá ṣe ọ̀kan á ṣe èkejì. Mo ń sọ pé gbogbo ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà pẹ̀lú.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan ní ìgbà ooru. Ọkọ mi ti rìnrìn àjò lọ sí Gaya láti kó ọjà. Ìyá ti lọ wẹ ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Petit Marché. Èmi nìkan ló wà nílé. Àgùntàn náà kò bá àwọn yòókù jáde. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, ó ń dùbúlẹ̀, ó ń dìde. Kí oòrùn tó gun orí ògiri, ó bímọ. Akọ ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹran tí a fẹ́ fi sọ ọmọ lórúkọ ni, kò yẹ kí òórùn wà lára rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ tuntun ni mo ti kọ́ lórí ẹsẹ̀ Ìyá. Kí àgùntàn náà tó yí orí padà, mo ti gbé ọmọ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Mo fi okùn di ìwọ́ rẹ̀, mo fi abẹ tuntun gé e. Mo gbé e wọ ẹ̀yìn ilé, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo tẹ́ ẹ sórí wọn, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Ó ń jà. Ó ń fẹ́ dìde lórí itan mi. Ó yẹ kí ìyẹn ti sọ nǹkan fún mi. Ọmọ tí Ìyá ń wẹ̀ kì í gbìyànjú láti dìde. Mo tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo fi òrí pa á, mo fi aṣọ wé e.

Nígbà tí mo padà sí àgbàlá, èkejì ọmọ ti jáde. Ajá aládùúgbò ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo lé e, mo kó ibi ọmọ náà sínú ìkòkò kékeré, mo wa ilẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀, mo rì í bí mo ṣe rí i tí Ìyá ń ṣe. Inú mi dùn sí ara mi. Mo ronú pé Ìyá á dé, á rí i pé n kò gbàgbé nǹkan kan.

Mo wá gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀.

Àgùntàn náà na ọrùn, ó gbóòórùn orí rẹ̀, ó gbóòórùn ìdí rẹ̀, ó sì kàn án. Ọmọ náà ṣubú. Ó dìde, ó tún lọ sí abẹ́ ikùn rẹ̀. Àgùntàn tún kàn án. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kàn án mọ́ ògiri. Àgùntàn náà sì wá ń yí ká, ó ń ké, ó ń fi imú wá ilẹ̀ níbi tó bímọ sí. Ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Ọmọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ tí mo ń gbé e lọ, tí mo ń gbé e bọ̀. Oòrùn ti kúrò lórí ògiri, ó ti dé àárín àgbàlá. Ọmọ náà ti ń pẹ́ kó tó dìde tó bá ṣubú. Mo wá lọ sí ilé kejì, mo pe Hàwá.

Hàwá jẹ́ opó, Zarma ni, kò sì sí ẹni tó ní àgùntàn tó o lórí òpópónà wa. Hausa la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó wọlé, ó ki mi, "Fófò," ó tẹ̀ ba, ó gbóòórùn ẹran náà, ó sì wò mí fúngbà pípẹ́.

"Bàyàrábíyà," bẹ́ẹ̀ ni ó ń pe èmi obìnrin Yorùbá, "kí lo fi pa ọmọ àgùntàn yìí lára?"

"Òrí."

"Ṣé o fẹ́ dín in ni?"

Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jókòó lórí ilẹ̀.

"Ṣé ó ti lá a kí o tó gbé e?"

"Rárá."

"Kò lá a rárá?"

"Mo tètè gbé e. Mo rò pé ohun tó yẹ ni."

"Àgùntàn kì í fi ojú mọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bí i," Hàwá sọ fún mi. "Omi tó bá a jáde ló ń lá, òórùn rẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ìwọ ti fọ ìwé orúkọ rẹ̀ dànù. Báyìí, ọmọ ẹlòmíràn lo gbé wá fún un."

Mo ní kí a fún ọmú àgùntàn náà sínú ife. Ó ní a máa ṣe é. Ó di orí àgùntàn náà mú láàárín orúnkún rẹ̀, èmi fún wàrà díẹ̀, èyí tó ki, tó pọ́n bí oyin. Mo fi ìka mi tì í sí ọmọ náà lẹ́nu. Ó gbé díẹ̀ mì, èyí tó pọ̀ jù dà sílẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń tutù nínú ooru yẹn.

"Ìyẹn á gbé e dé ìrọ̀lẹ́, bóyá," Hàwá sọ. "Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa dì í mú báyìí ní gbogbo wákàtí, pẹ̀lú oyún? Á ta ọ́ nípàá nínú ikùn." Ó wo ikùn mi, ó sì yára gbé ojú kúrò. Òun náà ti gbọ́ ohun tí ọkọ mi sọ. "Ohun kan ló lè ràn wá lọ́wọ́. Ibi ọmọ náà dà? A ó fi ra á lára."

Mo yíjú wo ọ̀nà ilé ìwẹ̀.

"Ajá ti jẹ ẹ́?"

"Mo ti rì í."

"O rì í?" Hàwá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ti àgùntàn? Ṣé o sọ ọ́ lórúkọ náà kí o tó rì í?"

Ìgbà yẹn ni Ìyá wọlé.

Ó ṣì so aṣọ tó fi ń wẹ ọmọ mọ́dìí. Ó wo Hàwá, ó wo àgùntàn, ó wo ọmọ tó dùbúlẹ̀ lórí aṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó gbé e sún mọ́ imú. Ẹ rántí pé obìnrin yìí mọ òórùn ọṣẹ rẹ̀ níbikíbi.

"Ta ló wẹ ẹran yìí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ta ló ní kí o wẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni gbogbo iṣẹ́ wà."

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó yíjú sí Hàwá, ó ní kó sọ ohun tí a lè ṣe. Hàwá sọ ọ́ fún un. Ìyá tún yíjú sí mi.

"Níbo lo rì í sí?"

Mo nawọ́ sí kọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ojú rẹ̀ fún yín. Lọ́dọ̀ wa, ẹni kan kì í padà lọ hú èkejì ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rì í. Ó sì jẹ́ pé kọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ẹran. Ó ní, "O gbé ti ẹran lọ bá ti àwọn ọmọ mi." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó tún ní, "Àti tìrẹ." Ó jẹ́ pé èyí tó bọ́ lára mi ló ń sọ.

"Mo rò pé..."

"Má sọ ohun tí o rò fún mi. Ibo gan-an? Apá ọ̀tún òkúta ni, àbí apá òsì?"

Ẹ wò ó, n kò rántí. Mo ti kánjú nítorí ajá. Mo ní apá òsì. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó dúró, bóyá apá ọ̀tún ni.

Hàwá gbé ọkọ́ kékeré. Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e jù sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀. Ìka rẹ̀ ló fi ń wa ilẹ̀ náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú ìrẹsì. Tí ìka rẹ̀ bá kan nǹkan, á dúró, á fọwọ́ tẹ ẹ́ wò, á tún máa lọ. Ó ń sọ nǹkan lábẹ́lẹ̀. Àdúrà ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ orúkọ ọkọ mi nínú rẹ̀, mo sì gbọ́ ti àwọn àbúrò rẹ̀, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wa, ọmọ àgùntàn náà ti dákẹ́ ẹkún. Èyí ló dẹ́rù bà mí jù. Nígbà tó ń ké, mo mọ ibi tó wà.

Hàwá gbé e sórí itan, ó ń fi aṣọ rẹ̀ pa á lẹ́yìn. Ó ń sọ fún un ní Zarma pé, "Kala suuru, kala suuru," pé kó ní sùúrù. N kò mọ̀ bóyá ẹran náà ló ń sọ ọ́ fún, àbí èmi.

Ìka Ìyá kan ìkòkò. Tuntun ni, ẹnu rẹ̀ ṣì funfun. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbé e jáde, ó fi ọwọ́ tẹ́ iyanrìn padà síbi tó ti wa a, ó tẹ́ ẹ títí tó fi dọ́gba, kó tó dìde. Ọmọ ń kú lọ lẹ́yìn wa, síbẹ̀ kò dìde títí ibẹ̀ fi dọ́gba. N kò lè dá a lẹ́bi.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló fi ohun inú ìkòkò náà ra ẹran náà lára. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bó ṣe ń tẹ́ ọmọ, ó sì ń fi ẹ̀jẹ̀ àti omi yẹn pa á ní orí, ní ẹ̀yìn, ní ìdí, nínú gbogbo oríkèé tí èmi ti fọ̀. Iṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe láti ọjọ́ tó ti délé ọkọ ni, ó wá ń ṣe é sẹ́yìn. Hàwá bu iyọ̀ díẹ̀, ó wọ́n ọn sí i lẹ́yìn, ó ní àgùntàn á fẹ́ lá a. A so àgùntàn náà mọ́ òpó pẹ̀lú okùn kúkúrú. Ìyá gbé ọmọ sí i nímú.

Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn. Mo di ọwọ́ Hàwá mú.

Ó tún na ọrùn. Ó fi ahọ́n kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Lẹ́yìn náà, ohùn kan jáde láti inú ọ̀fun rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Ohùn yẹn kì í ṣe igbe. Ó rọ̀, ó wà nísàlẹ̀, ó ń gbọ̀n rìrì bí omi tó fẹ́ hó. Hàwá sọ fún mi pé ọmọ tuntun nìkan ni wọ́n ń ké e fún. Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, n kò sì gbọ́ ọ kí àgùntàn ké e fún nǹkan mìíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá a, ó ń lá a bí ẹni tí ebi ń pa. Ó lá a títí ọmọ náà fi gbé orí. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ibi ọmú. Ìyá ló fi ìka tọ́ ọ sí i lẹ́nu. Nígbà tí ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Hàwá ní kí a kúrò níbẹ̀, kí a má wò wọ́n mọ́.

Ìyá fọ ọwọ́. Ó jókòó sórí àpótí. Kì í ṣe èmi ló bá sọ̀rọ̀.

"Hàwá, ṣé gbogbo ìyá ló ń fi imú mọ ọmọ?"

"Mi ò mọ̀. Ti àgùntàn ni mo mọ̀. Ìwọ lo mọ ti ènìyàn."

"Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n," Ìyá sọ.

Kò sọ̀rọ̀ náà fún ọmọ rẹ̀ nígbà tó ti Gaya dé. Èmi náà kò sọ ọ́. Ẹran náà dàgbà, ó sì ya aláìgbọràn. Ó jẹ ìdajì ẹní ìkírun mi. A fi í sọ ọmọ lórúkọ bí a ṣe pinnu. Ẹ má bi mí bóyá mo jẹ nínú rẹ̀.

Oyún tèmi pé. Nílé ni mo bí i, lọ́sàn-án, ní ọjọ́ Àlàmísì. Obìnrin agbẹ̀bí kan wà lọ́dọ̀ mi, Ìyá sì wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìrọbí ti mú mi ni ó ti gbé omi kaná. Mo rí gbogbo ohun èlò rẹ̀ tó tò sílẹ̀: bàsíà, ọṣẹ, kànrìnkàn, òrí nínú igbá, ẹní tó tẹ́ fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Agbẹ̀bí gba ọmọ, ó gé ìwọ́ rẹ̀, ó sì nà án sí Ìyá bí gbogbo agbẹ̀bí ṣe máa ń ṣe ní ilé Yorùbá. Bàbá Ràmátù ni. Ara rẹ̀ kún fún ọ̀rá funfun àti ẹ̀jẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò sì lè gbé orí rẹ̀ ró rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ń ja afẹ́fẹ́.

Ìyá gbà á. Kò lọ síbi bàsíà. Ó wá sí ọ̀dọ̀ mi, ó ṣí aṣọ mi láyà, ó gbé e lé mi láyà bó ṣe wà.

Agbẹ̀bí rò pé ó ti gbàgbé. "Ìyá, omi ti wà nílẹ̀ o."

"Mo rí i."

"Á tutù."

"Jẹ́ kó tutù."

Mo gbé imú mi lé e lórí. Òórùn náà dà bí iyanrìn tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ sí, àti bí irin díẹ̀. N kò sọ pé bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, n kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo ìyá tí Ìyá wẹ ọmọ wọn ṣáájú ló fẹ́ràn ọmọ wọn. Ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí lọ: ó ń fi ẹnu wá nǹkan lórí àyà mi, orí rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, kò lè rìn dé ibikíbi, síbẹ̀ ó ń lọ.

Ìyá jókòó lórí ẹní rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ká ọwọ́ lé itan. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó bi mí pé, "Ṣé ó ti tó?"

"Ó kù díẹ̀, Ìyá."

Ó ní kí agbẹ̀bí tún omi náà gbé kaná.